Òpó Kẹta: Ohun tí Àwọn Fọ́tò Àtijọ́ Fi Hàn Mí nípa Iṣẹ́ Ọnà Agboolé Wa

Òpó gbígbẹ́ mẹ́ta ni àwọn bàbá wa fi gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé wa ró ní Òṣogbo, níbi tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Èkíní jẹ́ abiyamọ tó kúnlẹ̀ tó pọn ọmọ, èkejì jẹ́ ọdẹ tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ẹlẹ́ṣin tó di ọ̀kọ̀ mú. Èmi kò fi ojú mi rí ẹlẹ́ṣin yìí rí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, òpó sìmẹ́ǹtì ni mo bá níbẹ̀, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun, tí àwa ọmọdé máa ń fẹ̀yìn tì bí a bá ń jẹun. Ẹnu àwọn ìyá wa ni ẹlẹ́ṣin náà kù sí, nítorí pé bí wọ́n bá ń ki ọmọ ilé wa, wọ́n á ní "ọmọ ẹlẹ́ṣin tí kì í sọ̀ kalẹ̀."

Bí a bá bi àgbà mẹ́ta léèrè ibi tí òpó náà gbà lọ, èsì mẹ́ta la máa gbọ́. Àwọn kan ní ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló gbé e lọ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣèjọba. Àwọn kan ní olè ló jí i lóru. Bàbá kékeré, àbúrò bàbá tó bí mi, kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Ikán jẹ ẹ́." Bí wọ́n bá ti wí bẹ́ẹ̀, wọ́n á dìde, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí. Ní ọdún 2017, nígbà tí mo ti fi ọdún 24 kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama, ọmọ kíláàsì mi kan bá mi dé ilé, ó wo àwọn òpó wa títí, ó ní, "Mà, ta ló gbẹ́ wọn, ìgbà wo ni wọ́n sì gbẹ́ wọn?" Mo lè sọ ọdún tí wọ́n dá Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní Òṣogbo yìí, 1962, mo sì lè ka orúkọ àwọn tó ti ibẹ̀ di olókìkí, Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n n kò lè dáhùn ìbéèrè nípa igi tí mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ìyẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá fọ́tò.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣì í ni pé mo rò pé bí mo bá ti kọ "Òṣogbo" sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo fọ́tò tí ẹnikẹ́ni yà ní ìlú yìí yóò jáde síta. Díẹ̀ ló jáde. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó yé mi pé àwọn tó kọ̀wé sí ẹ̀yìn fọ́tò láyé ìgbà náà kò kọ orúkọ wa bí àwa ṣe ń kọ ọ́. "Oshogbo" ni wọ́n kọ, Ọ̀ṣun di "Oshun," Ṣàngó di "Shango," Èṣù di "Eshu," tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ kọ orúkọ ìlú rárá, kí ó jẹ́ "òpó ilé, Yorùbá" nìkan ni wọn yóò kọ. Láti ìgbà náà, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwákiri kankan, mo máa ń jókòó, n óò kọ gbogbo ọ̀nà tí àjèjì lè gbà kọ orúkọ kan sínú ìwé, n óò sì dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun kejì tí mo kọ́ ni pé ó sàn kí a mọ ẹni tó ya fọ́tò ju kí a kàn mọ ibi tí fọ́tò wà lọ. Ulli Beier, ará Jámánì tó dé Nàìjíríà ní 1950, ya ọ̀pọ̀ fọ́tò iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Yorùbá, púpọ̀ nínú wọn sì wà ní Òṣogbo níbí, ní Centre for Black Culture and International Understanding. Ó ti wà ní Papua New Guinea ní 1967, ó sì tún padà wá ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ láàárín 1971 sí 1974. Bí fọ́tò bá jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, tí ẹnì kan sì kọ ọdún 1969 sí i pé Òṣogbo ni wọ́n ti yà á, ó yẹ kí a fura sí ẹni tó kọ ọ́. William Fagg ti British Museum wá sí Nàìjíríà láàárín 1949 sí 1950, ó tún wá ní 1953, ó sì tún wá láàárín 1958 sí 1959. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a sọ ní Fátúńbí, fi nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò, tó tó 62,000 sílẹ̀ ní Salvador ní ilẹ̀ Brazil. Fọ́tò tí Henry John Drewal àti Margaret Thompson Drewal yà ní ilẹ̀ Yorùbá láti 1970 wà ní Washington, nínú ibi ìpamọ́ tí wọ́n fi orúkọ Eliot Elisofon pè. Ìwé kékeré kan ni mo fi kọ ìrìn àjò àwọn wọ̀nyí sí, ìlú tí kálukú dé àti ọdún tó débẹ̀, ìwé náà sì wúlò fún mi ju gbogbo ohun mìíràn tí mo rà lọ.

Fọ́tò kan tí Fagg yà ní 1959 ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ń wá gan-an. Àgbàlá ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni, níbi tí àwọn òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ṣì dúró sí lábẹ́ òrùlé. Ọ̀kan nínú àwọn òpó wọ̀nyí, ọba tó jókòó tí olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ti wà ní Art Institute of Chicago, ilé ìpamọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Amẹ́ríkà, báyìí. Ní Chicago, ó dá dúró nínú yàrá mímọ́, kò ru nǹkan kan. Nínú fọ́tò Ìkẹ́rẹ́, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ wà lójú kan, ẹni tó bá sì ń wò ó lè mọ apá tí ó kọjú sí àti àwọn òpó tó wà létí rẹ̀. Nígbà tí mo rí i, mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe àwòrán ẹlẹ́ṣin wa nìkan ni mo fẹ́ rí. Mo fẹ́ rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ abiyamọ àti ọdẹ, lábẹ́ òrùlé tí ó rù.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2017, lẹ́yìn tí mo ti wo fọ́tò òpó tó lé ní 600 lórí kọ̀ǹpútà, mo rí ẹlẹ́ṣin kan nínú àkójọ ilé ìpamọ́ kan ní òkè òkun. Ẹsẹ̀ ẹṣin náà ti sán nísàlẹ̀, ẹnì kan sì ti fi páànù pẹlẹbẹ gbá a mọ́ra, ó fi ìṣó kàn án. Létí fọ́tò náà ni ìdajì abiyamọ kan ti yọ. Ọkàn mi lù kìkì. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni "Ila-Orangun, Oyo State," nǹkan mìíràn tún wà tó rú mi lójú: abiyamọ tiwa ní kókó igi ńlá kan lábẹ́ apá ọ̀tún, èyí tí agbẹ́gilére kò gé kúrò, abiyamọ inú fọ́tò yìí sì ní irú kókó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ apá òsì. Mo pa kọ̀ǹpútà náà, mo ní ti ará Ìlá ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo fi han màmá mi lórí fóònù, torí pé mo fẹ́ kí wọ́n rí irú ohun tí mo ń fi òru wá. Wọ́n ti lé ní ọdún 75 nígbà náà, ojú wọn sì ríran dáadáa. Wọn kò wo ẹlẹ́ṣin rárá. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni wọ́n ń wò, níbi tí obìnrin kan tó pọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sídìí ìkòkò tí ó ń fi orógùn ro ọkà.

Wọ́n ní, "Èmi nìyí."

Mo ní, "Ẹ̀yin kẹ̀, Màmá? Ìlá ni wọ́n ní àwọn ti yà á."

Wọ́n ní, "Èmi ni. Àmọ́ ta ló sọ mí di ọlọ́wọ́ òsì?"

Òótọ́ ni. Ọwọ́ òsì ni obìnrin inú fọ́tò fi di orógùn mú, màmá mi kò sì fi ọwọ́ òsì rokà rí láyé wọn. Wọ́n ní kí n gbé fóònù náà síwájú dígí. Nígbà tí mo gbé e síbẹ̀, orógùn bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kọ̀ ẹlẹ́ṣin bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, kókó igi abiyamọ sì padà sábẹ́ apá ọ̀tún níbi tí mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Sílàìdì ni fọ́tò náà, irú fíìmù kékeré tí wọ́n fi páálí há, ẹni tó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ sì ti dojú rẹ̀ kọ òdìkejì. Bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà kò bá mọ ìlú, kò sí ohun tí yóò fi mọ̀ pé òun ti yí i sódì. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ àwọn ènìyàn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò nínú fọ́tò. Mo máa ń wo ọwọ́ tí wọ́n fi ń jẹun, ọwọ́ tí wọ́n fi ń kí ara wọn àti apá tí wọ́n ká etí agbádá lé. Yorùbá kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀, bí a bá sì rí ìlú kan nínú fọ́tò tí gbogbo ènìyàn ti ń lo òsì, fọ́tò náà ló yí.

Ó wá ku ọdún. Ilé ìpamọ́ náà fi àwòrán páálí sílàìdì ránṣẹ́ sí mi nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ sílàìdì Kodak ayé ìgbà náà ni wọ́n máa ń tẹ oṣù àti ọdún tí wọ́n fọ fíìmù sí lára, oṣù kẹta ọdún 1967 ni wọ́n tẹ̀ sí èyí. Ẹni tí kò bá ní sùúrù á kọ 1967 sílẹ̀, á sì máa lọ. Ọjọ́ tí wọ́n fọ fíìmù kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n yà á. Fíìmù lè wà nínú àpótí ẹni tó yà á fún ọdún kan tàbí méjì kí ó tó fi í ránṣẹ́ fún fífọ̀. Ohun tí páálí yìí sọ kò ju pé ọjọ́ tí wọ́n yà á kò lè kọjá oṣù kẹta 1967 lọ.

Màmá mi ló mọ èyí tó kù. Aṣọ tí wọ́n ró nínú fọ́tò náà ni àǹkò tí gbogbo ilé dá nígbà ìsìnkú bàbá àgbà ní 1964. Wọ́n mọ iye tí wọ́n rà á ní ọ̀pá kan, wọ́n sì mọ ẹni tí kò san owó tirẹ̀ tán. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí wọ́n bí nínú oṣù kẹsàn-án 1965, tí kò sì tíì tó rìn nínú fọ́tò. Lórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n sá iṣu èlùbọ́ sí, ọyẹ́ sì ni a fi ń sá a. Ẹ̀ẹ̀rùn tó parí 1965 tó bẹ̀rẹ̀ 1966 ni, kò lè jẹ́ òmíràn. Màmá mi tún fi kún un pé òyìnbó tó yà á wá kí àwọn sójà tó gbàjọba, ìyẹn ni pé kó tó di ìdajì oṣù kìíní 1966. N kò kọ èyí gẹ́gẹ́ bí ohun tó dájú, torí pé ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ló ti wá, n kò sì rí ohun mìíràn tó gbè é lẹ́sẹ̀. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn.

Mi ò rí ìwé kankan tó kọ́ni ní lílo àǹkò láti fi mọ ọdún, ṣùgbọ́n n kò rí aago tó dára jù ú lọ nínú fọ́tò ilẹ̀ wa. Obìnrin tó bá gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n bí i kò ní gbàgbé aṣọ tí wọ́n fi sin ìyá ọkọ rẹ̀. Aṣọ kì í sọ ọdún tí wọ́n ya fọ́tò, torí pé a lè wọ̀ ọ́ títí ó fi gbó, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọdún tí fọ́tò kò lè ṣáájú rẹ̀. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó tilẹ̀ ń ṣe é jù, torí pé kì í pẹ́ níbẹ̀. Bí a bá jáde sí ìgboro, a ní àwọn àmì mìíràn. Bí ọkọ̀ inú fọ́tò bá ń gba ọwọ́ òsì títì, ó ti wà kí oṣù kẹrin 1972 tó dé, nígbà tí Nàìjíríà yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí iye owó tí wọ́n kọ sára pátákó bá jẹ́ ṣílè, ó ti wà kí náírà tó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1973.

Orúkọ ìpínlẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti rí àṣìṣe ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò wa. Ní 1965, abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni Òṣogbo àti Ìlá wà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò tíì sí títí di 1976, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ẹni tó kọ "Oyo State" sábẹ́ fọ́tò náà kọ ọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ó kéré tán tí wọ́n ti yà á. Kò jọ pé ẹni tó mú kámẹ́rà dání ló kọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tí a kọ sábẹ́ fọ́tò ní ọjọ́ orí tirẹ̀, ó yàtọ̀ sí ti fọ́tò, èmi sì ti di ẹni tí kì í gba ọ̀kan gbọ́ nítorí èkejì. Mo kọ lẹ́tà sí ilé ìpamọ́ náà, mo fi fọ́tò abiyamọ wa bó ṣe wà lónìí ránṣẹ́, mo ya kókó igi náà ní àyàsúnmọ́, mo sì kọ ohun tí màmá mi sọ. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí wọ́n tó dáhùn, ó sì dùn mí nínú gbogbo oṣù náà. Nígbà tó yá, wọ́n yí fọ́tò náà padà sí ojú rẹ̀ gan-an, wọ́n sì kọ Òṣogbo sábẹ́ rẹ̀.

Irú ohun báyìí kò mọ sí ilé tiwa. Mo máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, ibi tí UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Orúkọ Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tó ṣaláìsí ní 2009, ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń dá bí wọ́n bá rí àwọn ère ńláńlá inú igbó náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn fọ́tò tí wọ́n yà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ máa ń fi ọwọ́ mìíràn hàn: ọwọ́ bíríkìlà tó di tíráwẹ̀lì mú, ọwọ́ agbẹ́gilére. Adebisi Akanji, bíríkìlà ni kí ó tó di oníṣẹ́ ọnà sìmẹ́ǹtì tí ayé mọ̀. Buraimoh Gbadamosi àti Kasali Akangbe náà fi iṣẹ́ wọn síbẹ̀, Àdùnní fúnra wọn kò sì fi wọ́n pamọ́. Òjò ń jẹ sìmẹ́ǹtì, igi ń wó lù ú, wọ́n sì ń tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ojú ère kan ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ibòmíràn tó lè wò ju fọ́tò àkọ́kọ́ lọ. Èyí ni mo fi ń rọ àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n má yọ alágbàṣe tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrò bí wọ́n bá ń gé etí fọ́tò.

Mo ti mọ̀ pé òpó kẹta ṣì dúró ní ẹ̀ẹ̀rùn 1965 sí 1966. Ìtàn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó wó lulẹ̀ níbẹ̀, torí pé a ti gba òmìnira láti 1960. Ìgbà wo wá ni sìmẹ́ǹtì gba ipò rẹ̀? Òkè òkun kò lè dá mi lóhùn. Nínú pálọ̀ wa ni mo ti rí ojútùú, níbi tí fọ́tò ìgbéyàwó àǹtí mi kan ti wà lára ògiri láti kékeré mi. Òpó funfun náà wà lẹ́yìn ìyàwó. Orúkọ fọ́tò-sítúdíò kan ní Òkè-Fìà ni wọ́n lù sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ayafọ́tò náà ti kú. Ọmọ wọn tó gba ipò ń ya páàsípọ́ọ̀tù, ó sì ń tún fóònù ṣe. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní, "Mọ̀mí, àwọn páálí bàbá wa rèé, àmọ́ eku ti dé ibẹ̀." Páálí bàtà 11 ló wà lókè àjà, ooru sì ti bá wọn jà. Bí a ti ṣí òmíràn, òórùn kan bí ọtí kíkan ló ta sí wa nímú, àmì pé fíìmù ti ń bàjẹ́ nìyẹn, àwọn mìíràn sì ti lẹ̀ pọ̀ di odidi kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe ya wọn nípá. Ohun tó gbà wá ni ìwé àkọsílẹ̀ bàbá rẹ̀, tí wọ́n fi gègé kọ orúkọ oníbàárà, ọjọ́ àti iye ṣílè tó san sínú rẹ̀. A rí orúkọ ọkọ àǹtí mi nínú oṣù kẹrin 1971, nọ́ńbà kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà náà ló sì wà lára àpò ìwé tí nẹ́gátíìfù wà nínú rẹ̀.

Nínú àwọn páálí náà ni mo ti rí fọ́tò ìbejì kan tí mo dúró lé lórí fún ìgbà pípẹ́. Ọmọbìnrin méjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n jọra délẹ̀. Nígbà tí mo fi gíláàsì wò ó, mo rí ìlà tín-ín-rín kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ láàárín wọn, mo sì rí i pé ọmọ kan ṣoṣo ni. Láyé ìgbà náà, nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, tí ẹbí kò sì gbẹ́ ère mọ́, àwọn ayafọ́tò ilẹ̀ Yorùbá, ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti ní ìlú mìíràn, a máa ya èyí tó kù, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí ìwé kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jọ jókòó. Àwọn àgbà kan máa ń tú "àwòrán" sí "à-wò-rántí." Fọ́tò náà kò purọ́ fún ẹbí tó ni ín. Èmi tí mo wá ń ka iye ọmọ nínú rẹ̀ ni n bá ṣì í kà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí nẹ́gátíìfù ìgbéyàwó. Nígbà tí a gbé e síwájú iná, ẹnu yà mí pé ó fẹ̀ ju fọ́tò inú pálọ̀ wa lọ. Ayafọ́tò ti gé apá òsì kúrò nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, torí pé ilé ìdáná ló wà níbẹ̀, kò sì yẹ ní fọ́tò ìyàwó. Fún ọdún tó lé ní 40 ni a fi ń wo fọ́tò tí ìdáhùn ìbéèrè wa ti kúrò nínú rẹ̀. Ní apá tí wọ́n gé yìí, lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná, kùkùté igi kan dúró, ìyá àgbà kan sì jókòó lé e lórí, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Páànù pẹlẹbẹ wà lára kùkùté náà, wọ́n fi ìṣó kàn án.

Mo tẹ fọ́tò náà ní ńlá, mo mú un lọ bá Bàbá kékeré ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ti 1965 sí 1966. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo tò wọ́n méjèèjì sílẹ̀ níwájú wọn, n kò sì bi wọ́n ní ohunkóhun. Wọ́n mú ti ẹlẹ́ṣin, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Wọ́n gbé ti ìgbéyàwó. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, "Èmi ni mo gé e."

Wọ́n sọ fún mi pé ikán ti gba inú orí ẹlẹ́ṣin wọlé lábẹ́ òrùlé níbi tí ojú kò tó, ó sì ti jẹ ẹ́ dé ìbàdí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nígbà òjò 1970, òrùlé rọ̀, òpó náà ṣẹ́. Bàbá mi kò sí nílé, ẹ̀rù sì bà wọ́n pé òrùlé yóò wó lu àwọn ọmọdé, nítorí náà wọ́n mú ayùn, wọ́n gé èyí tó kù, wọ́n pe bíríkìlà. Àwọn àgbà ilé bínú sí wọn fún ọdún púpọ̀ pé ọmọ ẹlẹ́ṣin ló sọ ẹlẹ́ṣin kalẹ̀. "Ikán jẹ ẹ́" tí wọ́n ń wí, òótọ́ ni wọ́n ń sọ láti ọjọ́ yìí wá. Kò sí ẹni tó mú nǹkan kan lọ́wọ́ tó fi bi wọ́n ju ìyẹn lọ.

Wọ́n dìde, wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná àtijọ́ ni wọ́n mú mi lọ. Amù omi kan wà níbẹ̀ tí a kò lò mọ́, wọ́n sì ní kí n gbé e kúrò. Ohun tí amù náà jókòó lé ni ìsàlẹ̀ òpó, ẹsẹ̀ ẹṣin mẹ́rin àti díẹ̀ nínú ikùn rẹ̀, ó ti dúdú, ewéko tútù kéékèèké tí wọ́n ń pè ní mọ́sì ti hù sí apá kan rẹ̀. Páànù ti jẹ tán. Mo fi ìka mi wá ihò ìṣó, mo sì kà wọ́n: mẹ́fà, bí ó ti wà nínú fọ́tò, méjì nínú wọn ṣì ní ìṣó tó ti dípẹtà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo yà á láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti láti òkè. Mo kọ ọjọ́, ibi tó wà, ẹni tó yà á àti àwọn tó dúró níbẹ̀ sí ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Bàbá kékeré ń wò mí bí mo ti ń kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn náà sí i, kí n sì kọ ọ́ kedere pé àwọn ló gé e, àti ìdí tí àwọn fi gé e.